Ẹni Tó Ń Ya Aṣọ

Bọ́lánlé ṣì ń fi búrọ́ọ̀ṣì tẹ́ẹ́rẹ́ to ihò lẹ́ẹ̀sì obìnrin kan ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nígbà tí Murielle já wọlé láìkan ilẹ̀kùn, tó ń mí hẹlẹ. Obìnrin inú àwòrán náà kẹ̀yìn sí àwọn méjèèjì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lórí àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè rẹ̀ ti wọ́ díẹ̀ sí apá òsì, ọwọ́ rẹ̀ kan sì ń fa ìró rẹ̀ sókè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n wò á mọ̀ pé bàtà tuntun tí obìnrin yẹn wọ̀ ń há a lẹ́sẹ̀, á sì tún mọ̀ pé kò ní bọ́ ọ fún ẹnikẹ́ni.

“Táńtì, ojú yín nìkan ló kù,” ni Murielle wí. Ó wá rántí ara rẹ̀, ó kúnlẹ̀ díẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ káàárọ̀. Ojú yín nìkan ló kù.”

Ọmọ Kútọnu ni Murielle, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún. Òun ló ń kọ ìwé tí wọn yóò tẹ̀ fún àfihàn àwòrán ńlá kan tó ń bọ̀, ìwé tí yóò fi àwọn ayàwòrán mẹ́fà láti Àjàṣẹ́ han àwọn tí kò mọ̀ wọ́n. Ojú ewé méjì ni ti ẹnì kọ̀ọ̀kan: ìgbésí ayé rẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà ṣe iṣẹ́ rẹ̀, àti ojú ara rẹ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà. Àwọn márùn-ún ti kó tiwọn wá. Ọkùnrin tó ń fi páànù àlòkù ṣe ẹyẹ ti rán ìdérí agolo pọ̀, ó fi ṣe imú àti ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ọmọdébìnrin tó ń fi iyẹ̀pẹ̀ pupa kun aṣọ ti fi iyẹ̀pẹ̀ ya tirẹ̀, ó sì rẹwà ju bó ṣe rí lọ, kò sẹ́ni tó bá a jà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìwé ń lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Ọjọ́rú nìyí.

Bọ́lánlé fi àgbọ̀n tọ́ka sí kọ̀rọ̀ yàrá. Pátákó kan fara ti ògiri níbẹ̀. Èjìká Bọ́lánlé wà lórí rẹ̀, nínú bùbá aláró tó fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú àbàwọ́n ọ̀dà lójú àpò. Ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ wà níbẹ̀. Láti àgbọ̀n sókè, ọ̀dà funfun tí a fi ń ṣe ìpìlẹ̀ ni, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Ó ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta níwájú dígí. Tó bá ti gbé búrọ́ọ̀ṣì dé ibi tí ojú yẹ kó wà, ọwọ́ rẹ̀ a kọ̀.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Bọ́lánlé Ìyádùnní ti ń yàwòrán ènìyàn láìya ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yìn ni ó ń yà. Ó ya ẹ̀yìn àwọn obìnrin tó ń dúró de ìgbà tí wọn yóò jẹ́ kí wọ́n kọjá ní ẹnubodè Kraké, ẹrù lórí, ọmọ lẹ́yìn. Ó ya àwọn ọmọ ìjọ Sẹ̀lẹ́ nínú sùtánà funfun, tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn lọ sílé lórí iyanrìn lẹ́yìn ìsìn. Ó ya ẹ̀yìn olùkọ́ kan tó ń nu pátákó ìkọ̀wé, òógùn ti rin ẹ̀wù mọ́ ọn lára ní àárín èjìká. Obìnrin kan láti Ouando rí ẹ̀yìn kan níbi àfihàn lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, ó sì bú sẹ́kún, ó ní ìyá òun nìyẹn, ìyá òun tó kú. Òótọ́ ni. Bọ́lánlé mọ ìyá náà dáadáa. Kò sẹ́lòmíràn ní Àjàṣẹ́ tó ń lọ́ ìró báyẹn.

Àwọn ọ̀mọ̀wé ti ṣàlàyé rẹ̀ títí. Oníròyìn kan láti Kútọnu kọ ọ́ pé ẹ̀yìn tí Bọ́lánlé ń yà ni ẹ̀yìn tí àwọn olóṣèlú kọ sí mẹ̀kúnnù. Òyìnbó kan láti Faransé ní ẹ̀yìn àwọn tí wọ́n kó kọjá òkun ni. Bọ́lánlé gbà fún gbogbo wọn. Bí ẹnìkan bá mú àlàyé tó dùn ju ti ìṣáájú wá, a ní, “Ẹ ṣeun, ẹ rí i dáadáa.” Obìnrin tó mọ ìwà í hù ni, irọ́ tí kò pa ẹnikẹ́ni lára kò sì wúwo lẹ́nu rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àárọ̀ yìí, tí Murielle jókòó sórí àpótí, tó ṣí ìwé rẹ̀, tó sì bi í tìrẹ̀lẹ̀tìrẹ̀lẹ̀ pé kí ló dé gan-an, irọ́ kò wá sí i lẹ́nu. Bóyá àárẹ̀ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni.

“Ọ̀gá mi ò tíì dá mi sílẹ̀,” ni ó wí.

Murielle rò pé ó ń ṣe ẹ̀fẹ̀. Ó mọ ohun tí ìdásílẹ̀ jẹ́, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Télọ̀ ni o, onídìrí ni o, wẹ́dà ni o, ọmọ iṣẹ́ tó bá parí ẹ̀kọ́ a kúnlẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀, ọ̀gá a da pọ́dà sí i lórí, a gbé irin iṣẹ́ lé e lọ́wọ́, àwọn ẹbí a pariwo, a ya fọ́tò. Láti ọjọ́ yẹn ló di ọ̀gá ara rẹ̀. Àmọ́ Bọ́lánlé ti di ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, àwọn àwòrán rẹ̀ sì ti dé ìlú tí òun fúnra rẹ̀ kò dé.

Bọ́lánlé wá sọ ọ́, ó ń nu ọwọ́ bó ṣe ń sọ. Ọ̀dọ̀ Ọ̀gá Hilaire Òkunọlá ni ó ti kọ́ṣẹ́, ẹni tó ń ya àwòrán òkú fún àwọn ẹbí nígbà tí ẹ̀rọ tó ń tẹ fọ́tò ńláńlá kò tíì dé. Níbẹ̀, ọmọ iṣẹ́ a kọ́kọ́ máa po ọ̀dà. Lẹ́yìn náà a ya àga àti kọ́tìnnì, lẹ́yìn náà ọwọ́, lẹ́yìn náà aṣọ. Ojú jẹ́ ti Ọ̀gá. Ẹni tí a kò tíì dá sílẹ̀ kì í fi búrọ́ọ̀ṣì kan ojú. Kò sẹ́ni tó kọ òfin náà síbì kankan, kò sì sẹ́ni tó rú u rí.

“Àfi èmi,” ni Bọ́lánlé wí.

Ọdún 1988 ni. Ìyàwó kátíkíìsì ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ló kú, Sátidé ni ìsìnkú. Ibà ti dá Ọ̀gá dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Aṣọ ti parí, ọwọ́ ti parí, àga ti parí. Ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì dé, Ọ̀gá kò tíì lè jókòó, àwọn ẹbí sì ti ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Bọ́lánlé, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún, gbé fọ́tò káàdì ìdánimọ̀ ìyá náà síwájú, ó sì ya ojú rẹ̀. Ó mọ ìyá náà, òun ló kọ́ ọ ní ilé ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi. Nígbà tó parí, ojú náà ń wò ó. Ọ̀gá fi aṣọ bora jáde láti yàrá, ó dúró síwájú àwòrán náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú àkísà tí wọ́n fi epo àtùpà rẹ, ó sì nu ojú náà kúrò láti iwájú orí dé àgbọ̀n. Ó jókòó pẹ̀lú ibà lára, ó sì tún un yà. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kí wọ́n dá Bọ́lánlé sílẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé kò padà lọ síbi iṣẹ́ mọ́.

“Ẹ ò tíì rí i láti ìgbà náà?”

Rárá. Akpro-Missérété ni bàbá náà ń gbé báyìí, kò jìnnà ju ibi tí ènìyàn lè lọ kó sì bọ̀ kí ọbẹ̀ tó jinná. Àmọ́ Bọ́lánlé ti fi ọdún mẹ́tàdínlógójì yẹra fún ọ̀nà yẹn. Tí wọ́n bá pè é sí ìgbéyàwó níbẹ̀, a fi ẹ̀bùn ránṣẹ́.

Murielle pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní àwọn ti lọ bẹ bàbá náà lóṣù tó kọjá pé kó wà lára àwọn mẹ́fà, ṣùgbọ́n kò gbà wọ́n láyè kọjá ẹnu ọ̀nà. Ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀ ní kò ríran mọ́, àti pé nígbà ọyẹ́ tó kọjá, ọ̀sẹ̀ méjì ló lò ní ilé ìwòsàn, ẹnu àwọn ò gbà á pé yóò bọ́ níbẹ̀.

Bọ́lánlé dìde. Ó bọ́ bùbá iṣẹ́, ó wọ ẹ̀wù mìíràn, ó sì bi Murielle bóyá alùpùpù rẹ̀ lè gbé àwọn méjì. Ó ti máa ń rò pé àkókò ṣì wà. Kò mọ bí òun ṣe gba ara òun gbọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní Ouando, ó ní kí Murielle dúró. Ó wọ ọjà, ó ra pọ́dà alágolo kan, ó ra ọtí ẹlẹ́rìndòdò méjìlá, ó ra ìborùn funfun kan tí wọ́n fi ń bo èjìká ọmọ iṣẹ́. Obìnrin tó tà á fún un wo ẹrù náà, ó mọ ohun tó wà fún. Ó bi í pé ọmọ wo ni wọ́n ń dá sílẹ̀ lónìí. Bọ́lánlé ní òun fúnra òun ni. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí tó fi ń lu itan, ó sì fi ọṣẹ kan ṣe èènì fún ìyá aláwàdà.

Lórí ọ̀nà, àwọn ìgbà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá. Kí ni Bọ́lánlé kò rántí? Ó rántí òórùn epo àtùpà tó máa ń wà lára búrẹ́dì tí wọ́n bá jẹ níbi iṣẹ́. Ó rántí bí Ọ̀gá ṣe máa ń fi ẹnu súfèé orin ìjọ, tó sì máa ń ṣì í níbì kan náà lójoojúmọ́. Jù lọ, ó rántí aṣọ. Bí ẹbí bá ti mú fọ́tò òkú wá, Ọ̀gá a ní kí wọ́n mú aṣọ tí olóògbé fẹ́ràn jù wá pẹ̀lú. Bọ́lánlé ni yóò wọ̀ ọ́. Odindi ọjọ́ kan ni yóò fi wọ̀ ọ́, yóò fi gbálẹ̀, yóò fi pọn omi, yóò fi jókòó dìde, kó lè mọ ibi tí aṣọ náà ti ń ṣẹ́po àti ibi tó ti ń wúwo. Ọ̀gá ní aṣọ ti mọ olówó rẹ̀ ju fọ́tò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọdébìnrin yìí ṣe wọ aṣọ ìyá arúgbó, aṣọ oníṣòwò, aṣọ ìyàwó tó kú sórí ìkúnlẹ̀. Àwọn aládùúgbò a máa bojú wẹ̀yìn tó bá ń kọjá, nítorí wọ́n rò pé àwọn rí ẹni tó ti lọ. Ọdún mẹ́fà tó fi kọ́ṣẹ́ yẹn ni ọdún tó dùn jù láyé rẹ̀, kò sì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.

Ilé náà wà lẹ́yìn oko ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. Prisca, ọmọ bàbá náà, ló jáde sí wọn, obìnrin ogójì ọdún, ọwọ́ rẹ̀ kún fún ìyẹ̀fun gàrí. Ó dá Murielle mọ̀, ojú rẹ̀ sì le díẹ̀. Ó ní òun ti sọ fún wọn, bàbá ò fi àwòrán kankan sílẹ̀, wọn ò tíì parí.

Bọ́lánlé kí i, ó sọ orúkọ ara rẹ̀.

Prisca wò ó lókè wò ó nílẹ̀. “Bọ́lánlé,” ni ó wí. “Ẹ̀yin ni ẹni tó ń ya aṣọ?”

“Èmi ni.”

“Mo rò pé bàbá kàn ń sọ ọ́ ni.” Ó nu ọwọ́ mọ́ ìró, ó sì ṣí ọ̀nà fún wọn.

Yàrá tó mú wọn gbà kọjá gùn, kò sì sí àga kankan nínú rẹ̀. Pátákó ló kún ibẹ̀. Wọ́n tò wọ́n mọ́ ògiri láti ẹnu ọ̀nà dé fèrèsé, ojú ènìyàn sì ni gbogbo wọn, ojú ọkùnrin, ojú obìnrin, tí wọ́n dọ́gba pẹ̀lú ojú àwọn tó ń wò wọ́n. Ojú náà ti parí pátápátá, títí dé ilà, títí dé irun ìpéǹpéjú. Ṣùgbọ́n ọ̀dà funfun ni gbogbo wọn láti ọrùn sílẹ̀. Kò sí aṣọ lára ẹnikẹ́ni. Lẹ́yìn àwọn kan, aṣọ tí wọ́n ká dáadáa wà nínú ọ̀rá, pẹ̀lú orúkọ tí wọ́n kọ sórí bébà.

Prisca rọ ohùn sílẹ̀. Ó ní nígbà tí òun wà ní kékeré, àwọn ẹbí máa ń wá gba àwòrán wọn, bàbá a ní kí wọ́n ní sùúrù, ẹni tó ń ya aṣọ ò tíì dé. Wọ́n ní kó wá ẹlòmíràn. Ó kọ̀. Wọ́n ní kó yà á fúnra rẹ̀. Ó ní òun ò mọ̀ ọ́n yà. Díẹ̀díẹ̀ wọ́n jáwọ́, àwọn kan kò tilẹ̀ padà wá gba aṣọ wọn. Bàbá wá ń ya àwọn tó bá kàn rántí, títí ojú rẹ̀ fi lọ.

Bọ́lánlé ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri láti orí àwọn àtijọ́. Ohun kan wà nínú ẹnu àwọn ojú wọ̀nyí tí kò sí nínú iṣẹ́ Ọ̀gá tó mọ̀. Àwọn àkọ́kọ́ dà bí ẹni tí eyín ń dùn, ètè wọn fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì bá ojú wọn mu. Nígbà tó dé àárín yàrá, ètè ti ń rọ̀. Àwọn tó wà nítòsí fèrèsé ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ẹ̀rín tòótọ́, ẹ̀rín tó ti ojú bẹ̀rẹ̀.

Bàbá jókòó lórí ibùsùn ní yàrá kejì, ó gbẹ, ó mọ́, ó kọ ojú sí apá ibi tí ìró ẹsẹ̀ ti ń bọ̀. Prisca sọ ẹni tó dé fún un. Bọ́lánlé kúnlẹ̀, ó gbé ẹrù ọjà síwájú rẹ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún tò sílẹ̀, ọ̀rọ̀ líle ni wọ́n, wọn kò sì wúlò mọ́.

“Obìnrin yẹn rẹ́rìn-ín,” ni bàbá wí.

“Ọ̀gá?”

“Ìyàwó kátíkíìsì. Nínú fọ́tò, kò rẹ́rìn-ín. O yà á, ó rẹ́rìn-ín. Ogún ọdún ni mo ti fi ya ojú nígbà yẹn, Bọ́lá. Kò sẹ́nìkan tó rẹ́rìn-ín lọ́wọ́ mi rí. Mi ò lè gbà á. Ojú náà dára, mo sì nù ún. Nígbà tí mo máa tún un yà, mo wá ẹ̀rín náà tì.”

Omi bọ́ lójú Bọ́lánlé, ó sì jẹ́ kó máa bọ́. Ó fẹ́ sọ fún un pé láti ìgbà náà òun ò ya ojú kankan mọ́, pé ẹ̀yìn ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ òun. Ó sọ ọ́. Bàbá mi orí lọ, mi orí bọ̀, ìrora hàn lójú rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n tẹ̀ lójú egbò. Ó na ọwọ́ sínú àpò ọjà, ó fọwọ́ kan ìgò, ó fọwọ́ kan aṣọ, ọwọ́ rẹ̀ sì dé orí agolo pọ́dà. Ó mọ ohun tó jẹ́. Ó ṣí i, ó bu díẹ̀ sí àtẹ́lẹwọ́.

“Sún mọ́ mi,” ni ó wí.

Murielle, tó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà láti ìgbà yìí, gbé fóònù rẹ̀ sókè láti ya fọ́tò. Bọ́lánlé sún mọ́ ọn. Ó tẹ orí ba. Ó sì rí i, láti ibi tó kúnlẹ̀ sí, pé ọwọ́ bàbá tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọwọ́ ọmọdé, pé iṣan rẹ̀ ń lù. Nǹkan wo ló kù fún ọwọ́ yẹn láti ṣe láyé lẹ́yìn èyí? Ó gbé orí sókè.

“Mélòó ni àwọn pátákó yẹn?” ni ó bi Prisca.

Prisca ní mọ́kànlélógójì ni.

“Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọ aṣọ fún wọn.”

Bàbá dúró pẹ̀lú pọ́dà lọ́wọ́. Ó ń ṣírò, ètè rẹ̀ ń mì. Aṣọ kan a máa gba Bọ́lánlé ní ọ̀sẹ̀ kan nígbà náà, ó sì ti dàgbà báyìí. “Ìyẹn á gbà tó ọdún kan,” ni ó wí.

“Á lé.”

“Èmi ni màá sọ irú aṣọ tí wọ́n máa ń wọ̀ fún ọ. Àwọn kan ò mú aṣọ wá.”

“Ẹ̀yin ni, Ọ̀gá. Ta ló tún mọ̀ ọ́n?”

Ó da pọ́dà padà sínú agolo, ó fi ìka gbọn èyí tó kù sí i lọ́wọ́ sínú rẹ̀, kò jẹ́ kó ṣòfò, ó sì ní kí Prisca gbé e sókè níbi tí ọ̀rinrin kò ní dé. Murielle ti sọ fóònù kalẹ̀. Kò sọ̀rọ̀ ọjọ́ Ẹtì mọ́.

“Sọ fún un pé aago mẹ́jọ ni a máa ń ṣílẹ̀kùn,” ni bàbá wí fún ọmọ rẹ̀, bí ẹni pé Bọ́lánlé kò sí níbẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe nígbà tí inú rẹ̀ bá dùn tí kò sì fẹ́ kó hàn. “Kó má ṣe jẹ́ kí n máa dúró.”

Prisca ní, yàtọ̀ sí ọ̀sẹ̀ méjì ilé ìwòsàn yẹn, kò tíì sí ọjọ́ kan, láti ìgbà tí òun ti gbọ́n, tí bàbá kò ṣí ilẹ̀kùn yàrá pátákó yẹn ní aago mẹ́jọ, àní lẹ́yìn tí kò ríran mọ́. Bọ́lánlé ṣì wà lórí orúnkún. Ó rántí gbogbo àárọ̀ tó ti jí láti ọdún yẹn wá, tó po ọ̀dà rẹ̀ nínú yàrá òun nìkan, tó rò pé kò sẹ́ni tó ń retí òun níbì kankan.